Ìrànlọ́wọ́ Ọ̀sẹ̀ Díẹ̀ fún Àgbà Tó Ń Dá Gbé ní England: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn ìyá àti bàbá wa ní Peckham, Woolwich, Dagenham àti Manchester máa ń bi mí jù nìyí, àwọn àti àwọn ọmọ wọn. England nìkan ni ìdáhùn wọ̀nyí wà fún. Òfin Scotland, Wales àti Northern Ireland yàtọ̀. Iye owó tí mo kọ síbí jẹ́ ti ọdún ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025.

Irú ìrànlọ́wọ́ wo là ń sọ gan-an?

Ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń dá gbé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí tó ṣubú, tàbí tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tí kò tíì lè ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan á wá láàárọ̀, bóyá lálẹ́ pẹ̀lú, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á bá yín wẹ̀, á bá yín wọṣọ, á bá yín gbé oúnjẹ kaná, á rán yín létí oògùn. Tí ara bá ti mókun, ó parí nìyẹn.

Kì í ṣe ilé arúgbó. Kò sẹ́ni tó máa gba ilé yín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí tó fún wọn láṣẹ láti kó yín lọ síbì kan. Ìbẹ̀rù yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ àgbà lẹ́nu mọ́, ni mo ṣe fi í ṣáájú.

Mo bímọ. Ṣé kì í ṣe àbùkù pé àjèjì ló ń wẹ̀ fún mi?

Kì í ṣe àbùkù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wà ní Houston, ọ̀kan wà ní Lẹ́kí, èyí tó wà nítòsí ń ṣiṣẹ́ òru, ó sì lọ́mọ kékeré lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láago méje àárọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ dìde. Òfin ilẹ̀ yìí náà kò fi dandan lé ọmọ pé kó tọ́jú òbí rẹ̀, káńsù kò sì gbọdọ̀ torí pé ẹ lọ́mọ sọ pé àwọn ò ní wò yín wò.

Ọ̀rọ̀ tó ń ba nǹkan jẹ́ fún wa jù ni “mo lọ́mọ mẹ́rin”. Lọ́dọ̀ wa, iyì ni gbólóhùn yẹn. Létí nọ́ọ̀sì, ó túmọ̀ sí pé èèyàn mẹ́rin ti wà nílẹ̀ láti tọ́jú yín, bó sì ṣe máa kọ ọ́ sínú fáìlì nìyẹn. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ ìlú tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé, ẹ sọ ọjọ́ àti aago tó lè wá. Tí kò bá lè wá, ẹ ní kò lè wá.

Ta ni mo máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀?

Tí ẹ bá wà ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù yín ni, ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì sì ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ sọ ọ́ ṣókí: “Mo ń dá gbé, mo máa nílò ìrànlọ́wọ́ tí mo bá délé.” Wọ́n á pe occupational therapist, tí gbogbo èèyàn ń pè ní OT, ẹni tó ń wo bí ẹ ṣe lè máa dá nǹkan ṣe nílé, àti àwọn tó ń ṣètò bí aláìsàn ṣe ń padà sílé. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti dá ọjọ́ rẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ níbi àyẹ̀wò tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà.

Tó bá jẹ́ ilé lẹ wà, ẹ pe káńsù àdúgbò yín, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ bá adult social care, ẹ̀ka tó ń bójú tó àgbàlagbà, sọ̀rọ̀, ẹ sì lo orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí: care needs assessment, ìyẹn àyẹ̀wò láti mọ ìrànlọ́wọ́ tẹ́ ẹ nílò. Òfin Care Act 2014 ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kò sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ bi yín léèrè iye tó wà ní báńkì kí wọ́n tó wá wò yín. Ọmọ, aládùúgbò tàbí dókítà yín lè bá yín pè, tẹ́ ẹ bá ti gbà á láyè.

Tí gbogbo rẹ̀ bá rú yín lójú, Age UK, àjọ aláàánú fún àwọn àgbà, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gbé lójoojúmọ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méje alẹ́: 0800 678 1602.

Èló ni mo máa san?

Fún irú èyí tí wọ́n ń pè ní reablement, ìrànlọ́wọ́ kí ẹ lè padà máa dá nǹkan ṣe, ẹ kò ní san nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ tálákà. Kò sí ẹni tó máa wo ìwé báńkì yín fún ìyẹn.

Àwọn èèyàn wa máa ń rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n jẹ wọ́n. Rárá o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òkè rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n lè dá a dúró níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì wò pé ìlera rẹ̀ kò ní padà bọ̀ sípò lè má rí reablement gbà. Ìtọ́jú lásán, tí wọ́n máa ń ṣírò owó fún, ni wọ́n á darí rẹ̀ sí.

Kí ni ẹni tó ń bọ̀ máa ṣe, kí sì ni kò ní ṣe?

Kò wá láti di ọmọ ọ̀dọ̀ yín. Ó wá láti dúró tì yín títí ẹ ó fi lè dá a ṣe. Èyí máa ń bí àwọn àgbà nínú lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n á ní “ó ń wò mí, kò ṣe nǹkan kan”. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ìyá kan wà ní Camberwell tí mo lọ ràn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí. Lọ́jọ́ kìíní, èmi ni mo po ògì. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kó dìde, kó fi ọwọ́ òsì di etí káńtà mú, kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún pò ó. Ó ṣe é. Ọ̀nà pálọ̀ ló kù. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di férémù ìrìn mú, kò sí ọwọ́ tó máa gbé ife. A wá da ògì náà sínú fláàsì, a gbé fláàsì sínú àpò aṣọ tí a so mọ́ iwájú férémù, ó rọra tì í lọ. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, kò dúró dè mí mọ́ láti jẹun àárọ̀.

Ohun tí wọn kì í ṣe: fífọ fèrèsé, títún gbogbo ilé ṣe, síse ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, gbígba àlejò yín. Ìyẹn, ẹ lè bẹ ọmọ ìjọ tàbí aládùúgbò.

Wọ́n ní mi ò nílò ìrànlọ́wọ́ nítorí mo sọ pé mo lè ṣe é. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń pàdánù ẹ̀tọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó wá wò yín á béèrè pé, “Báwo lara?” Ẹ ó ní, “A dúpẹ́.” Á béèrè pé, “Ṣé ẹ lè wẹ̀ fúnra yín?” Ẹ ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run ń ràn mí lọ́wọ́.” Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wá. A kì í fẹ́ fi ẹnu ara wa pe àìsàn, àgbà ò sì ń ṣe ìráhùn níwájú ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n ìwé ni ọmọbìnrin tó jókòó níwájú yín ń kọ. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ló máa kọ, ohun tó bá sì kọ ni wọ́n máa fi dájọ́.

Ẹ má fi “mo lè” tàbí “mi ò lè” dáhùn. Ẹ sọ bí ó ṣe ń lọ. Dípò “mo lè wẹ̀”, ẹ sọ pé: “Mo máa ń jókòó sórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo á fi tówẹ́ẹ̀lì tútù nu ara, nítorí ẹ̀rù ń bà mí láti gbé ẹsẹ̀ wọ báàfù. Mi ò tíì da omi sára láti ọjọ́ Àìkú.” Dípò “mo ń jẹun”, ẹ sọ pé bíríẹ́dì àti tíì lẹ ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́ torí ẹ kò lè dúró pẹ́ nídìí sítóòfù. Ọjọ́ tó le jù nínú ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣàlàyé, kì í ṣe ọjọ́ tí ara yá gágá.

Kì í ṣe irọ́, òfin gan-an ló là á bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin, ẹni tó lè ṣe nǹkan ṣùgbọ́n tí ó ń fi ìrora ńlá ṣe é, tàbí tí ìpayà bá a, tàbí tí ó ń fi ara rẹ̀ sínú ewu, tàbí tí ó ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ dáadáa, wọ́n kà á sí ẹni tí kò lè ṣe é. Tí nǹkan méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá wà tó rí báyìí nítorí àìlera yín, wíwẹ̀, wíwọṣọ, jíjẹun, lílo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mímú ilé mọ́, tó sì ń ni yín lára púpọ̀, ẹ ti wọ inú àwọn tí káńsù gbọ́dọ̀ ṣètò fún. Ẹ gbé ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dé. Kí ẹnì kan tó mọ̀ yín jókòó tì yín pẹ̀lú, ọmọ tàbí ọ̀rẹ́.

Wọ́n ní kí n máa lọ sílé lónìí, kò sì sẹ́nì kankan nílé. Ṣé mo lè kọ̀?

Tí dókítà bá ti ní ara yín kò nílò ọsibítù mọ́, ẹ kò lè fi dandan lé e pé bẹ́ẹ̀dì náà lẹ ó máa gbé. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ dá yín padà síbi tó léwu. Ẹ sọ ọ́ ketekete pé: “Kò tíì dáa kí n lọ, torí pé kò sí ẹni tó máa gbé mi dìde lọ́la.” Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ gba ìdáhùn sí àwọn nǹkan wọ̀nyí lórí ìwé: ta ló máa kọ́kọ́ wá, ọjọ́ wo, aago mélòó, nọ́ńbà wo ni kẹ́ ẹ pè tí kò bá wá, oògùn wo lẹ ó máa lò, mọ́tò wo ló ń gbé yín lọ. Ẹ ní kí ẹnì kan lọ tan hítà sílẹ̀, kó ra mílíìkì àti bíríẹ́dì. Ní àwọn àdúgbò kan, British Red Cross tàbí Age UK máa ń rán ẹni tó ń sin àgbà délé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bi wọ́ọ̀dù bóyá ó wà lọ́dọ̀ tiyín.

Ṣé ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti irin ìdìmú náà, èmi ni mo máa rà á?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun èlò tí káńsù bá rí i pé ẹ nílò fún ìgbé ayé ilé, ọ̀fẹ́ ni. Bákan náà ni àtúnṣe kékeré sí ilé, bí irin ìdìmú lára ògiri, tí owó rẹ̀ kò bá ju £1,000 lọ. OT ló máa ń sọ ohun tó yẹ: ìjókòó tó ń gbé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ga, pákó tí wọ́n ń gbé sórí báàfù, ìjókòó gíga fún ilé ìdáná, àga ìgbẹ́ fún ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní bá yín ṣe ni kíká rọ́ọ̀gì kékeré wọ̀nyẹn kúrò nílẹ̀, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà àti èyí tó wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ká a. Mo ti rí i tí ẹsẹ̀ férémù ìrìn há mọ́ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mi ò lè sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Báwo ni wọ́n ṣe máa wọlé, tí mo bá sì ṣubú ńkọ́?

Key safe ni wọ́n máa ń lò: àpótí irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ìta, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà àṣírí ló ń ṣí i. Ẹ má fún aládùúgbò tàbí ọmọ ìjọ ní nọ́ńbà náà láìnídìí, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yí i padà tí ìrànlọ́wọ́ bá parí.

Fún ìṣubú, bọ́tìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́rùn tàbí so mọ́ ọwọ́ wà. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan á dáhùn láti inú ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀, á sì pe ọmọ yín tàbí ọkọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ bi káńsù iye tí wọ́n ń gbà lóṣù. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí balùwẹ̀, ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣubú. Tí tiyín bá ti pẹ́, ẹ bi ilé iṣẹ́ tẹlifóònù bóyá ó máa ṣiṣẹ́ lórí wáyà tuntun, torí pé láti oṣù kìíní 2027 ni wọn ò ní lo wáyà tẹlifóònù àtijọ́ mọ́.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ń fi orúkọ pè mí ṣánṣán, kò sì mọ oúnjẹ wa. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ìwé ètò ìtọ́jú yín wà nílé, care plan, ó sì yẹ kí ìlà kan wà níbẹ̀ fún orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ “Màmá”, “Daddy”, tàbí Mrs àti orúkọ ìdílé. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé ó ń dùn yín. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń fìfẹ́ hàn nìyẹn.

Ẹ lè béèrè fún obìnrin bó bá jẹ́ obìnrin lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ pé ó ṣe pàtàkì. Ẹ sọ̀rọ̀ kànrìnkàn, ẹ sọ̀rọ̀ bútà omi nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ aago ìrun. Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ se ọbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó pín in sínú ike kéékèèké, kó kọ orúkọ sára ìkọ̀ọ̀kan, kó gbé e sínú fírísà. Ẹni tí kò tíì rí ẹ̀fọ́ rírò rí lè gbé e sínú máíkírówéèfù. Àmàlà ni mo ṣì ń wá ọ̀nà fún.

Gẹ̀ẹ́sì mi kò já gaara nígbà tí ara bá ń ro mí. Ṣé kí ọmọ mi máa túmọ̀?

Ẹ béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá. Ọsibítù àti káńsù ló máa sanwó rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ lè jókòó tì yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi iṣẹ́ ìtumọ̀ lé e lọ́wọ́. Ìyá wo ló máa gbẹnu ọmọkùnrin rẹ̀ sọ pé òun ń tọ̀ sára lóru? Ohun tẹ́ ẹ ò bá sọ níbẹ̀ kò ní sí nínú ìwé.

Tó bá ṣòro fún yín láti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà tí ẹ kò sì ní ẹnikẹ́ni tó lè bá yín dá sí i, káńsù gbọ́dọ̀ wá alágbàwí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn fún yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pé, ara mi kò tíì bọ̀ sípò. Kí ló kàn?

Wọ́n gbọ́dọ̀ tún yín wò kí wọ́n tó dá a dúró. Tẹ́ ẹ bá ṣì nílò ìrànlọ́wọ́, ìgbà yìí ni káńsù máa wá béèrè owó tó ń wọlé fún yín àti owó tó wà nípamọ́. Tí owó ìpamọ́ bá ju £23,250 lọ, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo rẹ̀. Tó bá wà lábẹ́ £14,250, wọn kò ní ka owó ìpamọ́ náà rárá, owó tó ń wọlé nìkan ni wọ́n á wò. Tó bá wà láàárín méjèèjì, wọ́n á ka £1 lọ́sẹ̀ fún £250 kọ̀ọ̀kan tó lé.

Ilé tí ẹ ń gbé kò sí nínú ìṣírò yìí níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú yín. Ilẹ̀ tàbí ilé yín ní Nàìjíríà lè wà níbẹ̀, ẹ má fi í pamọ́. Ẹ má sì sáré pín owó fún àwọn ọmọ láti lè bọ́ sábẹ́ iye yìí. Káńsù lè ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí wọ́n sì máa kà á bí ẹni pé owó náà ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ṣé Attendance Allowance lè bá mi san án?

Tí ìrànlọ́wọ́ tẹ́ ẹ nílò kò bá ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, rárá. Owó ìrànwọ́ ìjọba ni, ó wà fún ẹni tó ti tó ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì, tó sì ti nílò ìrànlọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tí dókítà bá sọ pé àìsàn rẹ̀ ti dé òpin ayé nìkan ni kì í dúró oṣù mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n mo máa ń bi àwọn àgbà pé, kó tó di pé ẹ ṣubú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ti ń jìyà fún ọdún méjì, oríkèé, ojú, mímí, láìsọ fẹ́nì kan. Oṣù mẹ́fà yẹn ti kọjá tipẹ́. Ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, £73.90 lọ́sẹ̀ ni fún ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ lọ́sàn-án tàbí lóru, £110.40 fún ẹni tó nílò rẹ̀ tọ̀sán tòru. Wọn kì í wo iye tó wà ní báńkì yín. Tẹ́ ẹ bá sì ń dá gbé, gbígbà rẹ̀ lè fi kún Pension Credit yín, owó àfikún tí ìjọba ń san fún àgbà tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Ẹ pe 0800 731 0122 fún fọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ tẹ́ ẹ pè ni wọ́n á kà á sí.

A fẹ́ fowó ara wa gba ilé iṣẹ́ aládàáni. Kí la máa wò?

Ẹ wo orúkọ wọn lórí ìkànnì CQC (Care Quality Commission), àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé iṣẹ́ ìtọ́jú. Ilé iṣẹ́ tó bá ń rán òṣìṣẹ́ lọ wẹ̀ fún èèyàn, lọ wọṣọ fún un tàbí bọ́ ọ, dandan ni kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ó rí ipò tí wọ́n fi í sí, láti Outstanding dé Inadequate. Ẹ ka ìròyìn náà gan-an, ẹ má wo àwọ̀ nìkan. Ẹni tó wá nu ilé tàbí lọ ra ọjà lásán kò nílò CQC.

Ẹ béèrè pé: wákàtí tó kéré jù wo lẹ ń gbà lọ́sẹ̀? Èló lópin ọ̀sẹ̀ àti lọ́jọ́ ìsinmi ìjọba? Ọjọ́ mélòó la máa fi ṣe ìkìlọ̀ ká tó dá a dúró? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń gbé àwọn èèyàn há. Mo mọ ìdílé kan tó san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí ìyá wọn ti gbádùn, torí pé wọn ò ka ìwé àdéhùn dópin.

Arábìnrin kan nínú ìjọ ní òun á máa wá, ká máa fún òun ní owó lọ́wọ́. Ṣé ó burú?

Ẹni tó gbé ọbẹ̀ wá torí ìfẹ́, tó bá yín tò aṣọ, tó lọ, kò rú òfin kankan. Nígbà tí ẹ bá dá aago fún un, tí ẹ dá iṣẹ́ fún un, tí ẹ sì ń sanwó fún un, ẹ ti di ọ̀gá lójú òfin. Ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, owó tó kéré jù fún ẹni ọdún 21 sókè jẹ́ £12.21 ní wákàtí kan. Owó ìsinmi wà níbẹ̀, ìbánigbófò ọ̀gá wà níbẹ̀, ó sì lè kan HMRC, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni ìwé ìgbélùú. Ẹni tó fi físà àbẹ̀wò wá kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, kódà kẹ́ ẹ pè é ní owó mọ́tò. Akẹ́kọ̀ọ́ ní iye wákàtí tí kò gbọdọ̀ kọjá nígbà ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ilé iṣẹ́ ìtọ́jú kan mú wá láti Nàìjíríà ní àkámọ́ tirẹ̀. Ìtanràn ọ̀gá tó gba ẹni tí kò láṣẹ lè tó £45,000 lórí ẹnì kan ṣoṣo, arábìnrin náà sì lè pàdánù físà rẹ̀. Ẹ wo ìwé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá bínú sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kó bínú.

Ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, ó ṣubú. Ṣé wọ́n á fún un ní ìrànlọ́wọ́ yìí?

Ẹ gbé e lọ síbi ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ìtọ́jú níbẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni rírí dókítà àdúgbò. Tí wọ́n bá gbà á sórí bẹ́ẹ̀dì, owó ti dé, NHS sì máa ń bu ìdajì lé iye tó ná wọn fún àlejò. Tí £500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá kù nílẹ̀ fún oṣù méjì, ó lè dí físà rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀ kíá. Ìbánigbófò ìrìn àjò ni ì bá gbà yín, ẹ rà á nígbà míì kó tó wọkọ̀.

Ẹ má bá a béèrè Attendance Allowance tàbí Pension Credit. Físà rẹ̀ kò gbà á láyè. Ẹ lè fowó ara yín gba olùtọ́jú láti ilé iṣẹ́. Ní ti káńsù, ẹ bá Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí amòfin ìgbélùú sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kankan.

Owó sọnù nílé, tàbí olùtọ́jú náà ń pariwo mọ́ màmá. Kí la máa ṣe?

Ẹ pe káńsù, kẹ́ ẹ ní safeguarding adults lẹ fẹ́, àwọn tó ń dáàbò bo àgbàlagbà. Tó bá jẹ́ olè tàbí lílù, ẹ pe ọlọ́pàá lórí 101, tàbí 999 tí ewu bá wà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí CQC náà gbọ́. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbàgbé.

Kó má baà rí bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ PIN káàdì báńkì yín, bó ti wù kó dára tó. Tí wọ́n bá bá yín ra ọjà, kí rìsíìtì àti ṣéńjì wà nínú ìwé kan. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wa ń yún wa láti fún ẹni tó tọ́jú wa ní nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ka ẹ̀bùn owó léèwọ̀, ẹni tó gbà á lè pàdánù iṣẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà ìyìn sí ọ̀gá rẹ̀.

Káńsù kọ̀ fún wa. Ṣé ó parí síbẹ̀?

Kò parí. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sílẹ̀, òfin ní kí wọ́n fún yín. Ẹ fi lẹ́tà fẹjọ́ sùn lábẹ́ ètò ìfẹjọ́sùn tiwọn. Tí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ó kan Local Government and Social Care Ombudsman, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí káńsù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù 12 lọ látìgbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Tí ara bá sì burú sí i láàárín, ẹ pè wọ́n fún àyẹ̀wò tuntun, ẹ má dúró de ẹjọ́.

Ọmọ tó ń sá sókè sá sódò nítorí yín náà lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò tirẹ̀, carer's assessment, kódà tí òbí rẹ̀ bá kọ ìrànlọ́wọ́.

Àwọn ọmọ ní kí n máa bọ̀ ní Nàìjíríà kí wọ́n tọ́jú mi níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kí ni mo máa pàdánù?

Ó lè dáa fún ara, oòrùn àti àwọn èèyàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ dáadáa. Pension Credit máa ń dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílẹ̀ òkèèrè. Attendance Allowance lè tó ọ̀sẹ̀ 13, tàbí 26 tó bá jẹ́ ìtọ́jú àìsàn lẹ tìtorí rẹ̀ lọ. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ń tẹ̀ lé yín lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó lọ sí Nàìjíríà, iye tó ń gbà nígbà tó lọ ló máa dúró sí, wọn kì í fi kún un lọ́dọọdún. Ẹni tó bá kó lọ pátápátá kì í gba ìtọ́jú ọsibítù ọ̀fẹ́ mọ́ bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ ilé káńsù lẹ ń gbé, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ pe DWP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń san àwọn owó wọ̀nyí, ẹ fún wọn ní ọjọ́ ìlọ àti ọjọ́ àbọ̀. Ẹ gba oògùn tó máa tó yín lọ́wọ́ dókítà, pẹ̀lú lẹ́tà tó sọ orúkọ oògùn náà. Ẹ sọ fún àwọn tó ń wá sílé pé ẹ ń lọ, kí wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpótí ìta.